Orí Keje: Iṣẹ́ Òòjọ́ fún Àgbàlagbà tó Ní Ìpèníjà Òye

Àfojúsùn

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- sọ ohun tí ìpèníjà òye jẹ́, kó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn ọpọlọ;
- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé iṣẹ́ àdádó àti iṣẹ́ oníàtìlẹ́yìn;
- pín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́, kó sì wá ọgbọ́n tí yóò fi kọ́ ẹni tí kò mọ̀wé kà tàbí tí kò mọ nǹkan kà;
- gbé ètò ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá yẹ̀ wò, kó sọ ibi tó ti bá irú àwọn èèyàn yìí mu àti ibi tó ti yẹ kí á tún un ṣe;
- tọ́ka sí ohun tí òfin Nàìjíríà sọ nípa iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ wọn.

7.1 Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Ìpèníjà òye ni ipò ẹni tí agbára rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́, láti ronú àti láti wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ kéré gidigidi sí ti ojúgbà rẹ̀, tí òye ìgbé-ayé ojoojúmọ́ rẹ̀ náà kéré bákan náà, tó sì jẹ́ pé láti ìgbà èwe ni ipò náà ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ pé kí á tó fi orúkọ yìí pe ẹnikẹ́ni.

Òye ìgbé-ayé ojoojúmọ́ ni ohun tí èèyàn fi ń gbé láàárín àwùjọ: òye ìwé, owó àti àkókò, òye bí a ṣe ń bá èèyàn lò, òye ìtọ́jú ara, ilé àti iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń wo kókó kìíní pẹ̀lú ìdánwò òye, tí èsì rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí 70 sí ìsàlẹ̀. Èsì ìdánwò nìkan kò tó. Ẹni tó gba 65, tó ń dá wọkọ̀ láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, tó ń dá ra ọjà, tó sì ń dáná fún ará ilé rẹ̀, kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó gba 65 tí kò lè dá jáde nílé. Ní ti ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ onímọ̀ AAIDD ní Amẹ́ríkà fi gbèdéke sí ọdún 18 fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn ti 2021, wọ́n sún un sí ọdún 22.

Ìpèníjà òye kì í ṣe àìsàn ọpọlọ. Àìsàn ọpọlọ lè kọlu ẹnikẹ́ni nígbàkígbà, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, oògùn àti ìtọ́jú sì lè ràn án lọ́wọ́ kó gbádùn. Ìpèníjà òye kì í ṣe ohun tí oògùn ń wò. Ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ló ń mú ayé rọrùn fún ẹni tó ní in. Ẹnì kan lè ní méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èkínní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Nítorí àìmọ ìyàtọ̀ yìí, ìdílé mìíràn á máa gbé ọmọ kiri láti ilé ìwòsàn dé ilé àdúrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó jẹ́ pé olùkọ́ ni ọmọ náà nílò.

Orí 2 ti sọ ohun tó ń fà á, a kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ni pé àgbàlagbà ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún 30 tó ní ìpèníjà òye kì í ṣe ọmọ ọdún 7 nínú ara àgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ó ti lo ọdún 30 láyé, ó ní ìrírí ọdún 30, ó sì mọ ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́.

7.2 Ohun tí iṣẹ́ ń ṣe nínú ayé àgbà

Owó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń fún èèyàn. Ó ń fún un ní ìdí tó fi ń jí láàárọ̀, ó ń fún un ní ojúlùmọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, ó sì ń fi í sí ibi tí wọn yóò ti béèrè rẹ̀ bí wọn kò bá rí i. Fún ẹni tó ní ìpèníjà òye, èyí tó kẹ́yìn yìí wúwo púpọ̀. Ìbéèrè tí àwọn òbí wọn máa ń bi olùkọ́ jù lọ ni pé, "Bí a bá kú, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?" Kò sí ìdáhùn kan tó lè kájú ìbéèrè náà tán. Síbẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́, tó ní ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n, tó sì ní owó díẹ̀ nípamọ́, kò ní wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́.

Àwọn tó ń ríṣẹ́ nínú wọn kò pọ̀ níbikíbi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń ka iye wọn lọ́dọọdún, nǹkan bí 5 sí 6 nínú 100 àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye, tí ẹ̀ka ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń mówó wọlé láàárín 2015 sí 2022. Orílẹ̀-èdè tó lówó, tó lófin, tó sì ní olùkọ́ nìyẹn o.

Ohun tó fà á kò fara sin. Bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti yọ wọ́n sílẹ̀: fọ́ọ̀mù tí wọn yóò kọ, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù ti ń borí, ìwé ẹ̀rí tí kò kan iṣẹ́ náà rárá. Ìdílé ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà rẹ́ ọmọ wọn jẹ. Agbanisíṣẹ́ ń bẹ̀rù pé yóò ba nǹkan jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ lè fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọmọ láti máa tún àwòrán kùn, kó má sì fi ọjọ́ kan gbé e dé ibi iṣẹ́.

7.3 Ilé iṣẹ́ àdádó

Ilé iṣẹ́ àdádó ni ibi tí wọ́n kó kìkì àwọn àkàndá ẹ̀dá jọ sí láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó àwọn tí kì í ṣe àkàndá, tí owó iṣẹ́ ibẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti ìta. Nínú ọ̀rúndún ogún, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju kí wọ́n máa di ṣíbí àti fọ́ọ̀kì sínú ọ̀rá, kí wọ́n máa to ìṣó, kí wọ́n máa ká páálí.

Inú rere ni ọ̀pọ̀ fi dá a sílẹ̀. Àwọn òbí fẹ́ ibi tí ọmọ wọn yóò lọ lójúmọ́ tí kò sí ìyẹ̀yẹ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ kọ́ ẹni náà títí yóò fi tó iṣẹ́ ṣe, kí á tó gbé e lọ síta. Àléébù èrò yìí ni pé àkókò tí wọn yóò sọ pé ó ti tó kì í dé. Ẹni tó bá mọ páálí ká dáadáa, páálí náà ni yóò máa ká fún ogún ọdún. Yàtọ̀ sí èyí, ó sábà máa ń ṣòro fún ẹni tó ní ìpèníjà òye láti gbé ohun tó kọ́ níbì kan lọ síbòmíràn. Bó bá kọ́ ilẹ̀ gbígbá ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, ó lè má mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí àga àti tábìlì kún inú rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ gan-an ni ibi ẹ̀kọ́ tó dára jù.

Ọ̀rọ̀ owó tún burú ju èyí lọ. Láti 1938 ni òfin owó iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Fair Labor Standards Act, ti fi àyè sílẹ̀ ní abala 14(c) kí agbanisíṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ lè san owó tó kéré sí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún àkàndá ẹ̀dá. New Hampshire ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ fòfin dè é, ní 2015. Ibi tí irú àyè bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn dé hàn ní Atalissa, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Henry's Turkey Service kó àwọn ọkùnrin tó ní ìpèníjà òye wá láti Texas, ó fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan, ó sì ń gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa tòlótòló. Iṣẹ́ kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Dọ́là 65 ni wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóṣù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi ń lọ, títí di 2009 tí àwọn aláṣẹ kó wọn kúrò níbẹ̀. Ní 2013, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san 240 mílíọ̀nù dọ́là fún 32 nínú wọn, ṣùgbọ́n òfin fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n lè gbà, owó náà sì wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 1.6.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí: kò sẹ́ni tó ní àwọn ọkùnrin náà kò mọṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ṣe é. Ẹ̀tọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ náà ni wọ́n fi dù wọ́n.

7.4 Bíréèkì kẹ̀kẹ́: ẹ̀rí pé ọgbọ́n ìkọ́ni ló kù

Ní 1972, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Marc Gold, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tó yí ojú ìwòye ọ̀pọ̀ olùkọ́ padà. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ àdádó mẹ́rin, ó yan èèyàn 64 tí ìpèníjà òye wọn kò kéré, ó sì kọ́ wọn láti to bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní ẹ̀yà 15. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀wé yóò wò tí yóò mirí ni. Gold to ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú àwo alápòótí bí wọn yóò ṣe mú un tẹ̀ léra. Fún ìdajì wọn, ó kun ojú ẹ̀yà tó yẹ kó dojú kọ wọ́n ní ọ̀dà, kí wọ́n lè mọ̀ bó bá yí padà. Àwọn tó rí ọ̀dà yìí tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn tí kò rí i lọ. Lẹ́yìn náà, ó gbé bíréèkì mìíràn tó ní ẹ̀yà 24 fún gbogbo wọn, láìkun ọ̀dà kankan. Gbogbo wọn, àfi ẹnì kan, ló mọ méjèèjì tò.

Ohun tí Gold rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì mọ iṣẹ́, ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí á gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí dúró lórí ìlànà náà.

7.5 Iṣẹ́ oníàtìlẹ́yìn

Iṣẹ́ oníàtìlẹ́yìn ni iṣẹ́ gidi, níbi iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú owó tí ẹlòmíràn ń gbà fún iṣẹ́ kan náà, tí ẹni tó ní ìpèníjà òye sì ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà fún ìgbà tó bá fi nílò rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ ní 1984, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin Rehabilitation Act ní 1986 sì fi owó ìjọba àpapọ̀ tì í lẹ́yìn. Ìlànà rẹ̀ yí ti àtẹ̀yìnwá padà: wọn yóò gbé èèyàn síṣẹ́ ná, wọn yóò sì kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ yìí ni olùtọ́nà iṣẹ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọníwà, ìyẹn ni pé kó lo àkókò pẹ̀lú ẹni náà nílé, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kó mọ ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń bí i nínú, ìgbà tí ara rẹ̀ máa ń yá jù lójúmọ́. Obìnrin tí ariwo ń bà lẹ́rù kò yẹ ní ilé ọlọ tí ẹ̀rọ ti ń pariwo, bó ti wù kó lágbára tó. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá agbanisíṣẹ́, yóò wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, yóò kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kó tó kọ́ ẹni tó mú wá. Nígbà tó bá yá, yóò bẹ̀rẹ̀ yíyọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀: bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò máa júwe, bí ó ṣe ń júwe, yóò máa wò láti ọ̀nà jíjìn, títí ẹlẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ yóò fi rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ olùtọ́nà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó yọ ọwọ́ kò tíì pé.

Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Cincinnati, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1996. Erin Riehle ni olùdarí ẹ̀ka pàjáwìrì ibẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ń to ohun èlò ìtọ́jú sí ààyè wọn kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tàbí bándéèjì kò bá sí níbi tó yẹ kó wà nígbà tí wọ́n gbé ọmọ tó farapa wọlé, ewu ni. Ó béèrè bóyá àwọn tó ní ìpèníjà òye lè kọ́ iṣẹ́ náà. Òun àti Susie Rutkowski, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Great Oaks, jọ gbé ètò Project SEARCH kalẹ̀. Nínú ètò náà, ọ̀dọ́ tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ yóò máa lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, yóò sì ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀ka mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò yìí ti dé Britain àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé àánú kọ́ ló bí i. Olùdarí kan ní iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n ṣe dáadáa, ó sì wá ẹni tí yóò ṣe é.

7.6 Pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́: àpẹẹrẹ kan

Pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ ni kíkọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kéékèèké tó tẹ̀ léra, tí a lè fi ojú rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Kó píọ̀ wọ́tà sínú àpò" kì í ṣe ìgbésẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń di omi, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kó 20 sínú àpò kan. Ẹni tí a fẹ́ kọ́ kò mọ nǹkan kà dé 20.

1. Fọ ọwọ́, kí o sì dé fìlà iṣẹ́.
2. Mú àpò kan, fi ọwọ́ ra ẹnu rẹ̀ kó là.
3. Gbé àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.
4. Mú píọ̀ wọ́tà kan, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lórí aṣọ dúdú tó wà lórí tábìlì.
5. Bí aṣọ bá tutù, ju omi náà sínú garawa pupa, kí o sì fi aṣọ gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.
6. Bí aṣọ kò bá tutù, tẹ́ omi náà sórí àmì kan lára pátákó.
7. Máa ṣe é títí kò fi ní sí àmì tó ṣófo.
8. Kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan.
9. Di ẹnu àpò.
10. Gbé e lọ sórí òkìtì.

Ohun méjì ló gbé iṣẹ́ yìí. Èkínní ni pátákó tí a fàmì 20 sí, ìlà mẹ́rin tí àmì márùn-ún wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pátákó ló ń ka iye, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Èkejì ni aṣọ dúdú gbígbẹ, tí ń jẹ́ kí omi tó ń jò hàn kedere lójú ẹni tí kò lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Irú àyípadà kékeré bẹ́ẹ̀, tí kò dín iṣẹ́ kù, tí kò sì náni lówó púpọ̀, ni à ń pè ní àtúnṣe abẹ́nú iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo pátákó, nítorí àṣìkà kì í ṣe ti ẹnì kan.

Olùtọ́nà yóò máa kọ lẹ́tà kan síwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́: D bí òṣìṣẹ́ bá dá a ṣe, S bó bá ṣe é lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀, J lẹ́yìn tí a júwe, M bó bá jẹ́ pé a mú un lọ́wọ́ ṣe é. Ká ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, D ló wà níwájú gbogbo ìgbésẹ̀, àfi ìkẹsàn-án tó ṣì jẹ́ M. Kò yẹ kí olùtọ́nà kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe fún un. Ìka rẹ̀ lè máà lágbára tó láti ta kókó ọ̀rá. Ẹ fún un ní okùn tàbí tépù, tàbí kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa di ẹnu àpò, kí òun náà sì máa bá a gbé e sórí òkìtì. Bí S bá wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé olùtọ́nà ló ń yára sọ̀rọ̀ kí òṣìṣẹ́ tó rántí. Kó dákẹ́ díẹ̀, kó wò ó.

7.7 Ìkọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá

Àwọn tó ń wá ọ̀nà láti kọ́ irú àwọn èèyàn yìí níṣẹ́ ní Nàìjíríà sábà máa ń wo ilé ẹ̀kọ́ àkànṣe, irú bí Modupe Cole ní Àkọkà, Èkó, tàbí àwọn olùkọ́ tó jáde ní Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ ní ìlú wa ni ṣọ́ọ̀bù kéékèèké: ti télọ̀, ti alágbàfọ̀, ti ọlọ́búrẹ́dì, ti onígbàjámọ̀, ti vọ́kánáísà, ti aláró. Ètò ìkọ́ṣẹ́ sì ti wà níbẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé.

Ètò náà bá iṣẹ́ oníàtìlẹ́yìn mu ju bí a ti rò lọ. Ọmọṣẹ́ kì í kọ́ iṣẹ́ níbì kan kó tó wá ṣe é níbòmíràn. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ṣáájú ń kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn, èyí tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sanwó fún un. Ìdílé ń bá ọ̀gá dá àdéhùn níṣojú ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ òmìnira sì wà, tí gbogbo àdúgbò yóò pé jọ rí i pé ẹni yìí ti di oníṣẹ́.

Ibi mẹ́ta ló ti yẹ kí á tún un ṣe. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ìkọ́ni. Ojú ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́. Ọ̀gá kì í dúró ṣàlàyé, ẹni tó bá fojú sílẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ìpèníjà òye kì í sábà lè kọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ìgbésẹ̀ hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é lójú wọn, kí wọ́n sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ nígbà tó bá ṣe é bó ti yẹ. Èkejì ni àkókò: bí àdéhùn ẹlòmíràn bá jẹ́ ọdún méjì, tirẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rin, kí wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn àti ìjíṣẹ́ ni ọmọṣẹ́ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ọmọṣẹ́ tó ní ìpèníjà òye lè wà lẹ́nu ìgbálẹ̀ títí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi gba òmìnira, nítorí pé ó ń gbá ilẹ̀ dáadáa, kì í sì í ráhùn. Ọ̀rọ̀ Atalissa kò jìnnà sí irú èyí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àdéhùn sọ ní pàtó iṣẹ́ tí yóò kọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún méjì, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá tàbí òbí sì máa wá wò ó. Òmìnira rẹ̀ lè jẹ́ ti apá kan nínú iṣẹ́: ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ tó sì mọ̀ ọ́n ká, tí kò mọ owó oníbàárà kà, lè gba òmìnira gẹ́gẹ́ bí aláṣọ-lílọ̀, kó máa bá alágbàfọ̀ mìíràn ṣiṣẹ́ fún owó oṣù.

7.8 Òfin àti owó iṣẹ́

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ti 2006, sọ ní abala 27 pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti jẹun nípasẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fúnra wọn yàn, níbi iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nàìjíríà buwọ́ lù ú ní 2007, ó sì fàṣẹ sí i ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọn.

Òfin tó kan gbogbo Nàìjíríà ni Discrimination Against Persons with Disabilities (Prohibition) Act, 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019. Abala 28 fún àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ bí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ náà mọ́lẹ̀ yóò san owó gbà-má-bínú tí kò ní dín ní 250,000 náírà fún àkàndá ẹ̀dá tí wọ́n ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, 500,000 náírà ni. Abala 29 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba rí i pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, "bó bá ti ṣeé ṣe tó." Gbólóhùn ìparí yìí ti sọ òfin náà di ẹlẹgẹ́. Ibòmíràn tó tún ti ku díẹ̀ káàtó ni pé òfin náà kò ya ìdá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà òye. Ọ́fíìsì kan lè pé ìdá 5 pẹ̀lú àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ àti àwọn afọ́jú tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, láìgba ẹyọ ẹnì kan tó ní ìpèníjà òye.

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti jẹ́ 70,000 náírà láti 2024. Òfin owó oṣù yìí kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì de iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ní iye ọjà tí èèyàn bá ṣe tàbí iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, nígbà náà, àdéhùn ni ààbò. Ìlànà tí olùtọ́nà gbọ́dọ̀ dì mú ni pé kí owó ẹni tó ní ìpèníjà òye dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn tó ṣe iye iṣẹ́ kan náà.

Ohun kan kù: ọwọ́ ta ni owó náà ń lọ? Bí ọ̀gá bá ń fi owó oṣù rán ẹ̀gbọ́n òṣìṣẹ́ náà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì rí i sójú, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ṣì ń ṣe ní ojú tirẹ̀. Ó yẹ kí ó gba owó rẹ̀ lọ́wọ́, kó sọ ohun tó fẹ́ fi rà, kí ìdílé ràn án lọ́wọ́ láti fi ìyókù pamọ́ sí báńkì tàbí sọ́wọ́ alájọ ní orúkọ ara rẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ ná an sórí búrẹ́dì àti mínírà, owó rẹ̀ ni.

7.9 Kókó inú orí yìí

- Ìpèníjà òye yàtọ̀ sí àìsàn ọpọlọ. Ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀nà rẹ̀.
- Ilé iṣẹ́ àdádó ń mú kí ìmúrasílẹ̀ má lópin. Iṣẹ́ oníàtìlẹ́yìn ń gbé èèyàn síṣẹ́, ó sì ń kọ́ ọ níbẹ̀.
- Bí ẹ̀kọ́ kò bá wọlé, ọ̀nà ìkọ́ni àti ohun èlò ni a kọ́kọ́ ń yí padà.
- Ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ṣeé lò bí àdéhùn bá sọ iṣẹ́, àkókò àti owó ní pàtó.

Ìdánrawò

1. Kọ kókó mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ pé kí á tó sọ pé ẹnì kan ní ìpèníjà òye. Àwọn wo nínú wọn ni ìdánwò òye kò lè fi hàn?
2. Ṣàlàyé ìdí méjì tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àdádó fi lè má mọ̀ ọ́n ní ibòmíràn.
3. Kí ni ọ̀dà tí Marc Gold kùn sára ẹ̀yà bíréèkì ṣe? Dárúkọ ohun kan tó jọ ọ́ tí a lè lò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀.
4. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò rẹ, tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí o sì wo iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pín in sí ìgbésẹ̀ 8 sí 15. Fi àmì sí ìgbésẹ̀ tó nílò ìwé kíkà tàbí nǹkan kíkà, kí o sì dá àtúnṣe abẹ́nú iṣẹ́ kan fún un.
5. Nínú àkọsílẹ̀ olùtọ́nà kan, ìgbésẹ̀ 4 jẹ́ S, S, S, S, S fún ọjọ́ márùn-ún. Sọ ohun méjì tó lè fà á, àti ohun tí olùtọ́nà yóò ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
6. Ọmọbìnrin ọdún 24 kan tó ní ìpèníjà òye ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́búrẹ́dì fún ọdún mẹ́ta. Ó ń fọ agolo, ó ń gbálẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gba 5,000 náírà lóṣù fún un. Ìwọ ni olùkọ́ tí wọ́n rán lọ wò ó. (a) Ìbéèrè mẹ́ta wo ni ìwọ yóò bi ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀? (b) Kọ àdéhùn tuntun olójú ìwé kan láàárín òun, ìyá rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀, kí o sì fi iṣẹ́ tí yóò kọ́, àkókò àti owó hàn níbẹ̀.
7. Ka abala 29 òfin 2018. Jíròrò nínú ẹgbẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ lè ṣe kí àwọn tó ní ìpèníjà òye lè wà nínú ìdá 5 náà. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ báyìí tí ẹ rò pé a lè pín sí wẹ́wẹ́.